Ọjọ́ Tí Wọ́n Rò Pé Eré Ni

Ọ̀nà kan wà ní Ìlaròó tó gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa já sí àdúgbò tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Èéfín jẹnẹrétọ̀, òróró àkàrà tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ títí tó fi dúdú, omi ọṣẹ tó ń ṣàn nínú gọ́tà, àti yíǹkì gbígbóná láti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkópì. Ìwọ náà gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí, o mọ bó ṣe máa ń rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, orin á ti máa dún láti ojú fèrèsé kan, ìwàásù á máa jáde láti òmíràn, ẹnì kan á sì wà ní kọ̀rídọ̀ tí yóò máa pariwo pé ta ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì òun. Nínú ariwo yẹn ni mo ti mọ aláwàdà tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ yìí. Yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi.

Ọmọ Ìjoun ni, lápá ibi tí ilẹ̀ wa ti bá ti àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, màmá rẹ̀ a sì máa yan gàrí. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló wá kọ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ máa ń dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bí o bá sì jókòó tì í ní kíláàsì, o lè má gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tí olùkọ́ á fi jáde. Àfi ìgbà tó bá ró ìró, tó fi àkísà di àyà, tó wé gèlè kan tó máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lójú ẹsẹ̀ ló ti di màmá nìyẹn. Kì í ṣe pé ó kàn ń ṣe bí obìnrin gẹ́gẹ́ bí àwọn aláwàdà ṣe máa ń ṣe, tí wọ́n á máa ju ìdí kiri. Màmá kan pàtó ló ń ṣe. Ó ní bí màmá yẹn ṣe máa ń fa atẹ́gùn símú kó tó bú èèyàn, ó ní bó ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì ní bó ṣe máa ń dákẹ́ ní àárín ọ̀rọ̀, tí á wo òkè, bí ẹni pé Ọlọ́run nìkan ló lè gba òun lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí òun bí.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe eré náà. Èmi ni mo máa ń fi fóònù mi gbà á sílẹ̀, mo sì máa ń gé e pọ̀ kí n tó gbé e sórí ayélujára. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Agosasa, ló máa ń ṣe ọkọ. A máa ń fi gúlúù lẹ òwú mọ́ ọn lágbọ̀n kó lè ní irùngbọ̀n funfun. Ìyókù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀kan lára àwọn eré yẹn, màmá ti ọjà òkè ààlà dé, ó ti kọ́ Faransé díẹ̀, kò sì fẹ́ kó ṣòfò. Ó gbé igbá kalẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó fi Faransé kí i kú alẹ́, ó ní, “Bọ́ńsúwà, mọ̀síyẹ̀. Ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò mi?” Gbogbo Ìlaròó ló gba ọ̀rọ̀ yẹn mú. O ò ní lè kọjá níwájú àwọn ọlọ́kadà kí ẹnì kan má kígbe “Bọ́ńsúwà, mọ̀síyẹ̀!” Àwọn tó ń ta káàdì ìpè máa ń fi fídíò wa sáfẹ́fẹ́ kí oníbàárà lè dúró. Àwọn olùkọ́ pàápàá ń wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í jẹ́wọ́.

Màmá rẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa. Ìró tó máa ń ró, aṣọ àdìrẹ kan tó ti ṣá díẹ̀, tó ń rùn fún káńfọ̀, ti màmá rẹ̀ ni, ó mú un nínú àpótí nígbà tó lọ sílé ní ìsinmi. Màmá ò mọ̀ nípa eré kankan. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ló ní, tí kì í fi ṣe ju ìpè lọ. Nígbà míì tó bá pè é tí a sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, aláwàdà wa á gbé fóònù sí etí pẹ̀lú gèlè lórí, á máa dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ̀n, mà. Mo ti jẹun, mà. Mò ń kàwé ni, mà.” Àwa á ti máa di ẹnu wa mú. Mo bi í léèrè nígbà kan pé ìgbà wo ló máa fi han màmá. Ó ní bó bá di pé òun gba ìwé ẹ̀rí, òun á kó gbogbo rẹ̀ lọ bá a, òun á jókòó tì í, kí òun lè tètè mọ ibi tí òun á gbà sá bí inú bá bí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan la jáde lọ sí ọ̀nà tó lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn. Eré tí a fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà kò le: màmá dúró létí títì, ó ń bá ọlọ́kadà kan jà pé kó gbé òun àti àpò gàrí òun àti ewúrẹ́ òun lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́kadà gidi kan ló gbà láti bá wa ṣe é, inú rẹ̀ sì dùn dé bi pé ó lọ wẹ ọ̀kadà rẹ̀. Àwọn èèyàn díẹ̀ ti dúró tì wá, torí wọ́n dá a mọ̀. Oòrùn ń ta, eruku pupa bo koríko ẹ̀bá ọ̀nà, mo sì ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí àpò gàrí lè wọ inú àwòrán.

O mọ bí àwọn ọkọ̀ tó ń kó ìrẹsì wọlé láti òkè ààlà ṣe máa ń rìn. Wọ́n á ti yọ àga ẹ̀yìn kúrò, wọn kì í ní nọ́ńbà, iwájú ọkọ̀ á gbé sókè bí imú ajá torí ẹrù tó wà lẹ́yìn, wọn kì í sì í tẹ bíréèkì fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ló yọ láti ibi tí ọ̀nà ti yí. Ó yà fún kòtò kan. Mi ò rí i dáadáa, ojú mi wà lára fóònù. Ohun tí mo rí ni pé màmá wà nínú àwòrán, ó na ìka sí ọlọ́kadà, lẹ́yìn náà kò sí nínú àwòrán mọ́. Mo gbọ́ ìró kan tí mi ò ní fi wé nǹkan kan fún ọ. Ọkọ̀ náà kò dúró. Eruku nìkan ló fi sílẹ̀.

Mo ju fóònù sílẹ̀, mo sáré. Ó wà nínú koríko ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó dojú sókè, gèlè ti yọ, àkísà tó fi di àyà ti yọ jáde láti ọrùn bùbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò kọjú síbi tó yẹ kó kọjú sí. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá káàkiri, wọ́n rò pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀nà bọ̀, tí wọn kò rí ọkọ̀ náà nígbà tó kọ lù ú, àwọn wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n rí màmá tí wọ́n mọ̀ lórí fóònù. Wọ́n rí àkísà. Wọ́n rí bàbá onírùngbọ̀n òwú tó kúnlẹ̀, tó ń sunkún. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu wọn.

“Màmá ti dákú o!” ni ẹnì kan wí.

“Bọ́ńsúwà, mọ̀síyẹ̀! Ẹ dìde, ọkọ yín ti dé!”

Mo kígbe pé, “Kì í ṣe eré! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá, kì í ṣe eré!” Bí mo ṣe ń kígbe tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Ẹnì kan ní mo mọ eré í ṣe ju àwọn méjì yòókù lọ, pé kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí n jáde nínú fídíò. Wọ́n ti na fóònù sókè. Ọ̀rẹ́ wa ọmọ Agosasa ń gbìyànjú láti fa irùngbọ̀n òwú yẹn kúrò lágbọ̀n kí wọ́n lè rí i pé òun kì í ṣe arúgbó, ṣùgbọ́n gúlúù ti mú un, ó ń já díẹ̀díẹ̀, èyí náà sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ti ronú nípa àwọn èèyàn yẹn gan-an láti ìgbà náà. Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ohun tó fi ń mú inú wọn dùn láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n rò pé ó tún ń ṣe.

Ọlọ́kadà tó ń bá wa ṣeré ló gbà wá. Ó ti kọ́kọ́ sá wọ inú igbó, ìgbà tó padà dé tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi nu ilẹ̀ lẹ́bàá orí aláwàdà wa, ó sì nà án sókè sí wọn láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wọn tó dáwọ́ dúró. Obìnrin kan ká ọwọ́ lé orí, ó ń pe Jésù. Àwọn tó ti ń pariwo ló wá gbé e, tí wọ́n dì í mú láàárín ọlọ́kadà àti ọ̀rẹ́ wa lórí ọ̀kadà, tí èmi sì wà lẹ́yìn wọn lórí òmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, etí àdìrẹ yẹn ń fẹ́ nínú atẹ́gùn.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan sáré jáde wá, ó ní, “Kí ló ṣe màmá yìí?” Lẹ́yìn náà ló rí ojú rẹ̀. Ó wò wá, ó sì ké sí àwọn nọ́ọ̀sì yòókù. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á gbà gún un lábẹ́rẹ́ nígbà tó la ojú. Ó mọ̀ mí. Ó ní, “Ẹ bọ́ aṣọ yìí lára mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kàn án. Ti màmá mi ni.” Mo ní a ti ń bọ́ ọ, kó fọkàn balẹ̀. A kò tíì tú ìró náà tán tí ó fi dákẹ́. Kò sí ẹni tó lọ́ra níbẹ̀, mo fẹ́ kó yé ọ. Ohun tó bàjẹ́ nínú ara rẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tún ṣe lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló wá gbé e, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lemọ́lemọ́ títí tí mo fi fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Wọ́n sin ín sí Ìjoun lọ́jọ́ kejì. Ìlaròó pa rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tan àbẹ́là lẹ́nu ọ̀nà hósítẹ́ẹ̀lì, àwọn onífọ́tòkópì tẹ àwòrán rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n fídíò tí àwọn èèyàn yẹn gbà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ti tàn kálẹ̀. Ẹnì kan ti gbé e síta kó tó mọ̀, nígbà tó sì fi máa pa á rẹ́, ó ti dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó mọ́. Àwọn tí kò gbọ́ pé ọmọ náà ti kú ń rẹ́rìn-ín sí i ní àwọn ìlú tí a kò mọ̀. Mo ń kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti kú.” Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, “Ẹ̀yin aláwàdà yìí fẹ́ fi ẹ̀rín pa wá.” Mo pa fóònù mi, mi ò sì tàn án mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí màmá tó wá. Ó ní òun wá kó ẹrù ọmọ òun. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn tí mo rí i ní kọ̀rídọ̀, ó dà bíi pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó fa atẹ́gùn símú kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, mà.” Ọ̀rẹ́ wa ọmọ Agosasa náà wá, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde títí màmá fi kàn án léjìká.

A bá a ṣa ẹrù náà. Kò pọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí, ọ̀rẹ́ wa jáde lọ mú àdìrẹ yẹn wá láti yàrá rẹ̀. Ó ti fi omi tútù àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ibì kan wà tí kò mọ́. Màmá tú u, ó rí ibẹ̀, ó tún ká a padà.

“Mo mọ̀ pé òun ló mú un,” ló wí. “Mo rò pé ó fún ọmọbìnrin kan ni.” Ó wò mí. “Ṣé ìwọ ni?”

“Rárá, mà. Èmi ni mo máa ń gba eré sílẹ̀.”

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun ní Ìjoun. Wọ́n ní ọmọ òun ń ṣe eré, pé òun ìyá rẹ̀ gan-an ló ń ṣe, pé òun ló fi ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ fi hàn mí.”

Èmi àti ọ̀rẹ́ wa wo ara wa. A ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Mo wá èyí tó rọlẹ̀ jù nínú àwọn eré náà, èyí tí màmá ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí kó tó lọ sílé-ẹ̀kọ́, mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Ó gbé e jìnnà sí ojú díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ohùn ọmọ rẹ̀ kún yàrá náà, ó ń bú ẹni tí a kò rí pé kó dín iná kù, pé gàrí kì í ṣe ìyàwó tí wọ́n ń fi ipá mú. Ẹ̀rín já jáde lẹ́nu màmá lójijì, bí ẹni tí wọ́n rìn ní ìhà. Ó ní, “Irọ́ ni! Èmi kì í fi ọwọ́ òsì mú igbá tí mo fi ń yan gàrí.” Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, kì í ṣe fún wa, pé, “Gbogbo ohun tí mo ń sọ fún un láti kékeré, kì í dáhùn. Mo rò pé kì í gbọ́ ni. Ó ń gbọ́.”

Ó ní kí n tún fi òmíràn sí i. Mo fi sí i. Ó tún béèrè òmíràn. Ibi tí a dé nìyẹn tí fóònù mi kú. Kò sí iná nílùú láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà gé ní àárín, ojú fóònù dúdú, ṣùgbọ́n màmá kò gbé e fún mi. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó ń dúró. Ó ní, “Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.”

Mo rọra gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba owó fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù. Èrò pọ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún mi láyè. Nígbà tí mo fi padà dé, màmá ti lọ. Ọ̀rẹ́ wa ní ọkọ̀ tó kẹ́yìn sí Ìjoun ló fẹ́ bá, pé ó dúró títí kò lè dúró mọ́. A kó gbogbo eré náà sínú mẹ́mórì káàdì kan, a ra fóònù kékeré tó lè gbé e, a fi rán àbúrò bàbá rẹ̀ sí màmá. Ó dá a padà fún wa lẹ́yìn oṣù kan. Ojú ń tì í. Ó ní bàbá ọmọ náà sọ pé ohùn òkú kò ní máa dún nínú ilé òun, pé bó bá ń dún, ọgbẹ́ yẹn kò ní jiná láéláé. Mi ò dá bàbá náà lẹ́bi. Mi ò mọ ẹni tó tọ̀nà nínú òun àti ìyàwó rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé màmá kò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ayétòrò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, o mọ̀. Ní ọdún tó kọjá, mo ń ti ọjà bọ̀, mo rí géńdé kan tó ṣubú lulẹ̀ ní àárín ọ̀nà, tó na gbalaja. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò. Mi ò mọ ìgbà tí mo da ẹrù mi nù. Tòmátì fọ́n káàkiri. Mo kúnlẹ̀ nínú eruku, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo ń pariwo pé kí ẹnì kan wá ọ̀kadà. Ọmọ náà la ojú kan, ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Eré la ń ṣe.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn kíóòsì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí fídíò náà kí ilẹ̀ tó ṣú, títí di ìsinsìnyí ni wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà wa sunkún nítorí ẹni tó ń ṣeré.

Òótọ́ ni, mo sunkún. Wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku kúrò lára, ó bá mi ṣa tòmátì mi, ó sì ń bẹ̀ mí, ojú ti ń tì í. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bó ṣe ń rìn káàkiri láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń dúpẹ́.